Ọ̀nà Tí Wọ́n Fi Ìgbàgbọ́ Yà

Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn wo? Láti àárọ̀ ni mo ti ti ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà mi pa ní Ibafo, mo wá jókòó sórí àga oníke nínú gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Mowe, fáànù kan ṣoṣo ló ń yí, òun náà ń yí bí ẹni pé wọ́n fipá mú un ni. Nítorí kí ni? Nítorí bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé àbúrò mi lọ gba ìtọ́jú. Tí a bá rí bọ́ọ̀sì yẹn gbà, àbúrò mi á gba oògùn rẹ̀ parí. Tí a kò bá rí i gbà, ohun tó ń bà mí lẹ́rù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Rosemary lorúkọ mi, ṣùgbọ́n Ìyá Ọlọ́dà ni gbogbo ènìyàn ń pè mí ní Ibafo. Ṣèyífúnmi ni àbúrò mi, àwa méjì péré ni ìyá wa bí. Asese ló ń gbé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jéléósinmi. Lọ́dún tó kọjá ni wọ́n rí jẹjẹrẹ nínú ọmú rẹ̀. Dókítà ní ẹ̀ẹ̀mẹfà ni yóò gba kímò, oògùn tí wọ́n máa ń fà sí ènìyàn nínú iṣan. Àjọ kan ló ń sanwó oògùn yẹn fún un, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó rẹ̀ wọ́n. Ọ̀nà ni wàhálà wa. Láti Asese dé ilé ìwòsàn ìjọba tí wọ́n kọ fún un lọ́hùn-ún ní Èkó, mọ́tò mẹ́ta ló máa wọ̀ ní àlọ, mẹ́ta ní àbọ̀.

Lọ́jọ́ tó gba àkọ́kọ́, èébì gbé e nínú mọ́tò nígbà tó ń bọ̀. Ó bì í sínú ìborùn rẹ̀, kò tiẹ̀ kan ẹnikẹ́ni. Àwọn èrò pariwo pé kí awakọ̀ já a sílẹ̀. Ẹnì kan ní ó ti gbé àrùn wọ mọ́tò. Ẹ gbà mí o! Wọ́n já ọmọ ìyá mi sílẹ̀ ní ojú títì márosẹ̀, nínú oòrùn, tòun ti ìborùn tó ti bàjẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní èmi ni n óò máa mú un lọ láti ìgbà yẹn. Ó ní rárá. Ó ní ta ni yóò jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní tí èébì bá tún gbé òun tí mo wà níbẹ̀, n óò bá gbogbo mọ́tò jà. Òótọ́ ni, n óò bá wọn jà. Mo fi í sílẹ̀. Ó gba ìkejì, ó gba ìkẹta, ọjọ́ ìkẹrin ló wá kúnlẹ̀ nínú pálọ̀ mi pé òun kò lè wọ mọ́tò èrò mọ́ láyé òun. Ó ti pé oṣù méjì báyìí tó ti dúró sójú kan.

Ìgbà yẹn ni Tolúwalọpẹ́ dé. Ọmọ tó ń ka ìwé ńlá ní yunifásítì ni, Ibogun ló ń gbé, iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ sì dá lórí bí àwọn tó ní jẹjẹrẹ ṣe ń dé ibi ìtọ́jú. Ó wá bá àwọn obìnrin tó ní àìsàn yìí níbi tí wọ́n ti máa ń pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Ó ní òun kò fẹ́ kọ ìwé gbọọrọ tí ẹnikẹ́ni kò ní kà, máàpù lòun fẹ́ kí wọ́n yà. Kí obìnrin kọ̀ọ̀kan gba kádíbọ́ọ̀dù kan, kí ó ya ilé rẹ̀, kí ó ya ilé ìwòsàn, kí ó wá ya bó ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀, ọ̀nà kan fún ìgbà kọ̀ọ̀kan. Níbi tó bá rọrùn, máákà aláwọ̀ ewé. Níbi tó bá le, pupa. Níbi tí ọ̀nà bá ti já mọ́ ọn lọ́wọ́, kí ó jẹ́ kó já bẹ́ẹ̀. Òun yóò wá kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ di máàpù kan ṣoṣo, òun yóò sì gbé e fún àwọn àjọ tó fẹ́ fi bọ́ọ̀sì kan sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Ẹyọ kan o. Yálà kó máa ná Ifọ̀, tàbí kó máa ná ọ̀dọ̀ tiwa níhìn-ín, láti Asese bọ́ sí Mowe, bọ́ sí Ibafo. Ibi tí ọ̀nà bá ti ń já jù ni yóò lọ.

Mo gbọ́, mo jó. Mo ní bọ́ọ̀sì ti di tiwa, torí mo mọ àwọn obìnrin yẹn. Kò sí ẹyọ kan nínú wọn tí ọ̀nà kò tíì já mọ́ lọ́wọ́, àfi Màmá Mobọ́lájí tó jẹ́ olórí wọn, tó ti gba tiẹ̀ parí láti ọjọ́ pípẹ́. N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yà á, ọjà ọ̀dà ló dé bá mi. Kí ni ǹ bá tiẹ̀ lọ ṣe níbẹ̀? Ta ló nílò kí wọ́n kọ́ òun ní bí wọ́n ṣe ń ya ìyà tó ń jẹ ẹ́?

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí máàpù ńlá náà fún gbogbo ènìyàn ni mo wá. Tolúwalọpẹ́ ti tẹ̀ ẹ́ sára bánà, ó fẹ̀ tó ògiri kan, wọ́n fi aṣọ bò ó. Ó kí wa, ó gbàdúrà kúkurú, ó fa aṣọ.

Apá Ifọ̀, tí àwọn obìnrin ọ̀hún yà, pupa fòò. Ọ̀nà já níhìn-ín, ọ̀nà já lọ́hùn-ún, àánú wọn ṣe mí. Mo wá gbé ojú mi wá sí apá tiwa.

Àwọ̀ ewé.

Mo mọ àwọ̀ o, òun ni mò ń tà jẹun. Mo ní bóyá ojú mi ni. Mo dìde, mo súnmọ́ ọn. Láti Asese dé Mowe, láti Mowe dé Ibafo, ó kọjá OPIC, ó wọ Èkó, ewé, ewé, ewé, kò sí pupa tó tó orí abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Wọn kò kọ orúkọ sí i, obìnrin kọ̀ọ̀kan ló yan àmì tiẹ̀, òdòdó kékeré sì ni ti Ṣèyífúnmi. Mo wá a kàn. Ọ̀nà mẹ́fà ló jáde láti ibi òdòdó yẹn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dé ilé ìwòsàn, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà wálé. Ó tún wá ya obìnrin kan sí ẹnu ọ̀nà ilé, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń jó.

Ṣèyífúnmi kan náà tó jókòó sẹ́yìn mi níbẹ̀, tó fi gèlè bo orí tí irun kò tíì hù tán.

"Ta ló ya ìranù yìí?" mo pariwo.

 Tolúwalọpẹ́ sáré wá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ma, ẹ fọkàn balẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló yà á."

"Àwọn wo? Mẹ́ta péré ni àbúrò mi gbà nínú mẹ́fà! Jókòó, má kúnlẹ̀ fún mi. Ta ló sọ fún ọ pé ó ti parí?"

Ọmọbìnrin náà wo máàpù, ó wo Ṣèyífúnmi, ó tún wo àwọn tó kù. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Mo rí i tí ojú rẹ̀ ń yí padà. "Ẹ̀yin màmá," ó ní, "ṣebí ọ̀nà tí ẹ ti rìn ni mo ní kí ẹ yà?"

Màmá Mobọ́lájí ló dìde. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọ́n rọra máa ń sọ̀rọ̀. "Tolú ọmọ mi, má bínú. Èmi ni mo bá wọn sọ̀rọ̀ nígbà tí o jáde lọ gba omi. Mo ní kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya àìsàn sórí ìwé. Ohun tí ènìyàn bá yà, ó ti gbà á mọ́ra nìyẹn. Mo ní kí wọ́n ya ibi tí Ọlọ́run ń mú wọn lọ. A fi ìgbàgbọ́ yà á ni."

"Gbogbo yín?"

"Gbogbo wa."

Ẹ wò ó, èmi náà ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mò ń gbààwẹ̀, mo ń lọ ìṣọ́ òru ní kámpù, mo mọ ohun tó ń jẹ́ ìgbàgbọ́. Aládùúgbò mi kan máa ń sọ pé òun ń bọ̀ láti ilé òun, ilé ẹlòmíràn tó háyà ni, mo sì máa ń ṣe àmín fún un. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìgbàgbọ́ dá ẹni tó fẹ́ fún un ní mọ́tò lóhùn? 

"Màmá," mo ní, "ẹ forí jì mí, àgbà ni yín. Ọlọ́run mọ ibi tí Ṣèyífúnmi wà! Kò nílò máàpù! Àwọn tó ni bọ́ọ̀sì ni kò mọ̀! Àwọn ni ẹ lọ sọ fún pé ara wa ti dá! Wọ́n á gbé bọ́ọ̀sì lọ sí Ifọ̀, wọ́n á sì tún bá wa dúpẹ́!"

Màmá Mobọ́lájí fa àga wọn mọ́ra. Wọ́n jókòó. N kò rò pé ó tíì wá sí wọn lọ́kàn rí pé ẹnì kan máa ka ọ̀nà yẹn bó ṣe wà.

Mo já máákà pupa gbà lórí tábìlì. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, èmi ni n óò tún un yà. Tolúwalọpẹ́ bọ́ síwájú bánà, ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ọmọ tín-ín-rín, ṣùgbọ́n kò yẹ̀ fún mi.

"Mọ́mì, mi ò lè jẹ́ kí ẹ yà á. Ẹni tó rin ọ̀nà náà nìkan ló lè yà á. Tí ẹ bá bá wọn yà á, irọ́ mìíràn náà nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ tún tiẹ̀ yà nínú wọn, kádíbọ́ọ̀dù wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí ni mo gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́, kó tó di ìrọ̀lẹ́. Àwọn àjọ ń dúró."

Ó sú mi. Ohun tó tiẹ̀ sú mi jù ni pé òótọ́ ló ń sọ. Mo ju máákà sílẹ̀, mo fa Ṣèyífúnmi lọ́wọ́ jáde, ó di ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, lẹ́bàá táǹkì omi.

"Lọ tún un yà."

"Àǹtí mi, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mi ò fi ọ́ sílẹ̀. Ìlà pupa kan péré ni. Ya ibi tí wọ́n ti já ọ sílẹ̀. Ya ibi tí o dúró sí. Ṣé ó le ni?"

"Ó le." Ó fara ti táǹkì. "Ẹ ò mọ bó ṣe le tó. Nígbà tí mo yà á tán lọ́jọ́ yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo máa sùn dáadáa. Mo rí ara mi tí mo ti parí. Ẹ wá ní kí n lọ fi ọwọ́ ara mi fà á ya."

"Ṣé ijó tó o yà sórí ìwé ló máa wò ọ́ sàn?"

"Ẹ ń pariwo mọ́ mi."

"N óò pariwo! Ìyá wa ò sí láyé mọ́, ta ló kù tó máa pariwo mọ́ ẹ?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ẹkún náà tún bí mi nínú, torí pé tó bá ti sunkún báyìí, èmi ni mo máa ń gbà fún un, láti kékeré wa ni. Ó nu ojú. Ó ní, "Ẹ tún wo Jọmílójú. Ìyàwó kékeré ni, kò tíì ju ẹni ọgbọ̀n ọdún lọ. Ọwọ́ mi ló ti máa ń béèrè pé ṣé ó ń dun ni, ṣé èébì rẹ̀ pọ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ni. Tó bá rí i pé ọ̀nà tèmi já, ṣé kò ní sá? Ẹ̀mí rẹ̀ á wà lọ́rùn mi."

Ǹjẹ́ mo mọ̀ pé Jọmílójú ti dúró sẹ́yìn wa? Ó gbé omi oníláílọ́ọ̀nù méjì lọ́wọ́, bóyá ó fẹ́ wá pẹ̀tù sí wa nínú ni. Télọ̀ ni, ní Mowe níbẹ̀ náà ló ti ń ránṣọ, ọmọ pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí kì í sọ̀rọ̀ láàárín àgbà.

"Àǹtí Ṣèyí," ó ní, "èmi ò tíì bẹ̀rẹ̀ o."

Ṣèyífúnmi yíjú. "Kí lo sọ?"

"Mi ò tíì bẹ̀rẹ̀. Èyí tí mo yà yẹn, bí Màmá ṣe ní ká yà á náà ni mo ṣe yà á. Láti oṣù tó kọjá ni dókítà ti ní kí n wá. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo sọ fún ọkọ mi pé kó jẹ́ kí Àǹtí Ṣèyí parí tiwọn ná. Mo ní tí mo bá ti rí i tí wọ́n parí, tí wọn ò kú, mo máa lọ." Omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ń jò sí i lẹ́sẹ̀, kò mọ̀. "Ẹ̀yin ni mò ń wò."

 Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, mo mọ ohun tí mo fẹ́ sọ, ó ti dé ètè mi. Fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn, Ọlọ́run pa mí lẹ́nu mọ́.

Ṣèyífúnmi gba omi lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe. Ó wọlé, àwa méjèèjì tẹ̀ lé e.

Ó lọ tààrà síbi tábìlì, ó mú kádíbọ́ọ̀dù funfun kan, ó jókòó. Tolúwalọpẹ́ gbé máákà méjèèjì síwájú rẹ̀. Fáànù ń gbé etí kádíbọ́ọ̀dù náà sókè, Màmá Mobọ́lájí wá, wọ́n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún un. Àwọn obìnrin yòókù yí wọn ká. Mo dúró sẹ́yìn àbúrò mi gan-an. Inú mi ti ń rọ̀. Mo ní a ti ṣe é, bọ́ọ̀sì ti ń bọ̀.

Ó ya ilé rẹ̀ ní Asese. Ó ya ilé ìwòsàn. Ó mú àwọ̀ ewé, ó fà á láti ilé dé ilé ìwòsàn. Ó mú pupa, ó fà á padà, ó dúró lójú títì níbi tí wọ́n ti já a sílẹ̀, ó ya obìnrin kékeré kan síbẹ̀, ó wá fà á wálé. Àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo ń mi orí. Mo ní, "O ṣeun, bẹ́ẹ̀ ló rí."

Ó tún mú pupa. Ó fà á láti ilé lọ sí gáréèjì Asese. Ó dúró. Ó tún fa òmíràn láti ilé lọ sí gáréèjì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àkọ́kọ́. Ó dúró. Ó dé máákà, ó gbé e kalẹ̀.

Mo dúró kó máa bá a lọ. Kò bá a lọ.

"Ìkejì ńkọ́?" mo ní. "Ṣèyí, o gbàgbé ìkejì. Ìkejì àti ìkẹta. O ò fà wọ́n dé ilé ìwòsàn."

Kò wẹ̀yìn. "Mi ò dé bẹ̀, Àǹtí mi."

"Báwo lo ò ṣe dé bẹ̀?"

"Mo múra, mo jáde bí mo ṣe ń sọ fún yín. Mo dé gáréèjì. Mo rí mọ́tò, mo rí àwọn tó wà nínú rẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò gbé mi wọ̀ ọ́. Mo jókòó sọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì títí ilẹ̀ fi ń ṣú, mo wá padà sílé. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe nígbà ìkẹta. Mo wá fi foonù sọ fún yín pé mo ti gbà á."

Ẹ̀ẹ̀kan. Nínú mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Èmi ni mo lọ sí Asese ní ìrọ̀lẹ́ méjèèjì yẹn. Èmi ni mo se ẹja tútù fún un, tí mo fi omi gbígbóná pa á lẹ́yìn, tí mo ń sọ pé ó kú ìrora, ó kú ìnira. Ó jẹ ẹja náà, ó sì ń ṣe "ẹ ṣeun, Àǹtí mi". Mo lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo jáde síwájú, mo ní ọmọ ìyá mi ti gba ìdajì. Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ fún mi. Gbogbo ìgbà yẹn, nǹkan yẹn ń jẹ ẹ́ lọ nínú ara, kò sí oògùn kankan tó dá a dúró.

Inú bí mi, mo fẹ́ gbá a létí. Mo fẹ́ gbé e mọ́ra. Ọwọ́ mi wà lórí àga rẹ̀, n kò mọ èyí tí n óò fi ṣe.

Jọmílójú ti fa kádíbọ́ọ̀dù tiẹ̀ jáde, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Ṣèyífúnmi. Ó ya ilé rẹ̀, ó mú máákà pupa, kò fa ìlà kankan. Ó kàn ń di máákà náà mú.

Tolúwalọpẹ́ rọra gbé máàpù Ṣèyífúnmi. Ó wo ilé, ó wo gáréèjì, ó wo gbogbo òfìfo tí ìlà méjì yẹn kò dé láàárín gáréèjì àti ilé ìwòsàn. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ó ní òun lè pààrọ̀ rẹ̀ lórí ẹ̀rọ báyìí, òun á sì pe àwọn àjọ, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí bọ́ọ̀sì mọ́, nítorí Ifọ̀ náà ń jìyà. Ó ní, "Àǹtí Ṣèyí, ṣé kí n fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀?"

 Èmi ni Ṣèyífúnmi yíjú sí. Ó ń wo ẹnu mi, bó ṣe máa ń wò ó nígbà tó bá fọ́ àwo ìyá wa.

Láti àárọ̀ ni mo ti ń pariwo pé kí wọ́n sọ òótọ́. Òótọ́ náà wà nílẹ̀ níwájú mi, ó kúrú, lẹ́yìn àkọ́kọ́ kò tilẹ̀ kúrò ní Asese mọ́.

"Fi ránṣẹ́," mo ní. Ohùn mi kò jáde dáadáa, mo tún un sọ.